Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ ní Turffontein, ní gúúsù Johannesburg, débi pé àwọn tó ń sọ ọ́ ti gbàgbé pé ó ṣeé jiyàn lé lórí. Bí ọ̀dọ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sódì, tí kò sùn lóru, tó ń bá ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ fa ọ̀rọ̀, tàbí tí oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní nyaope ti mú un débi tó fi ń kó ìkòkò ìyá rẹ̀ lọ tà, ohun kan náà ni aládùúgbò, olùkọ́, pásítọ̀ àti òṣìṣẹ́ ìjọba máa sọ: ẹ gbé e kúrò níbí. Ẹ wá rìháàbù tó jìnnà fún un, níbi tí kò ti ní rí ọ̀rẹ́, tí fóònù kò ti ní dún, tí ẹbí kò ti ní máa wá yọjú. Bí ó bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́ta níbẹ̀, orí rẹ̀ á pé. Àwọn òbí Yorùbá kan ní ẹ̀dà tiwọn: ẹ gbé e wọ ọkọ̀ òfúrufú, kí wọ́n mú un wọ ilé àdúrà nílé, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kó jáde títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Èmi kò gba èrò yìí. Mo gbà pé ilé ìtọ́jú tí aláìsàn ń gbé inú rẹ̀ ṣe pàtàkì, mo sì fẹ́ kí irú rẹ̀ pọ̀ sí i fún àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n jíjìnnà sí àwọn ènìyàn ẹni kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, èdè tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀, àti ilé tí yóò padà sí, àwọn ni ìtọ́jú gbọ́dọ̀ dúró lé lórí. Ilé tó bá ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí mọ́ ẹnu géètì kàn ń bá wa tọ́jú ọmọ pamọ́ ni, kò tọ́jú àìsàn rẹ̀.

Kí n tó máa bá èrò náà jà, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun tó bí i. Turffontein, tí pápá eré ẹṣin rẹ̀ ti wà láti ọdún 1887, jẹ́ àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó láyé apartheid. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ náà ti di yàrá-yàrá tí àwọn ará KwaZulu-Natal, Limpopo, Zimbabwe, Mozambique, Kóńgò àti Nàìjíríà ń háyà. Nyaope, ìyẹn heroin tí kò mọ́ tí wọ́n ń pò mọ́ igbó àti nǹkan mìíràn, kò wọ́n níbẹ̀, kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, àwọn ará Rosettenville tó wà nítòsí Turffontein dáná sun àwọn ilé kan tí wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta oògùn olóró, tí wọ́n ti ń ṣe aṣẹ́wó. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n sì nàka sí jù. Òbí tó ń gbé láàárín irú èyí, tó ń rí ọmọ rẹ̀ tó ń gbẹ lójú rẹ̀, kò jẹ̀bi bí ó bá ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ síbi tí ojú kò tó. Mo sì gbà pé ọjọ́ kan wà tí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kò ní àfirọ́pò: ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lára, ọjọ́ tí àìsàn bá ti gba ọgbọ́n orí rẹ̀ pátápátá, ọjọ́ tí ara bá ń bèèrè oògùn olóró tí kò sì rí i. Àríyànjiyàn mi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì ọjọ́ yẹn, nígbà tí ewu ti rọlẹ̀ tí a wá ń bèèrè pé kí ni a ó fi oṣù mẹ́ta náà ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé ní ìlú yìí, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìwakùsà ni àṣà kíkó ènìyàn jìnnà ti ṣẹ̀ wá, ìmọ̀ ìṣègùn kàn jogún rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí wúrà ní Johannesburg ní 1886 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọkùnrin dúdú sínú ọgbà ibùgbé olódi, láìsí ìyàwó, láìsí ọmọ, kí agbára wọn lè jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan. Ní àwọn ọdún 1960, ìjọba apartheid gbé àwọn aláìsàn ọpọlọ dúdú fún ilé iṣẹ́ aládàáni kan tó ń jẹ́ Smith Mitchell, ó sì ń sanwó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Inú àwọn ọgbà ìwakùsà tí wọ́n ti pa tì ni ilé iṣẹ́ náà kó púpọ̀ nínú wọn sí. Ní 1978, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán àwọn aṣojú wá wò ó. Ìjábọ̀ wọn tó jáde ní 1979 sọ pé ìtọ́jú tí wọ́n ń fún àwọn dúdú burú débi pé ó ń fa ikú tí kò yẹ kó wáyé. Ilé iṣẹ́ yẹn yí orúkọ padà bí ọdún ti ń gorí ọdún, títí ó fi di ohun tí gbogbo South Africa wá mọ̀ sí Life Esidimeni. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ lónìí pé ibi tó jìnnà ló dára fún ọmọ tí orí rẹ̀ kò balẹ̀, ó ń tún ọ̀rọ̀ sọ tí àwọn kan ti jèrè owó gidi lórí rẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ Life Esidimeni gan-an ló tako mi. Wọ́n á ní ilé ìwòsàn olódi ló dáàbò bo àwọn aláìsàn, pé nígbà tí ìjọba Gauteng, ìpínlẹ̀ tí Johannesburg wà, kó wọn jáde lọ sáàárín ìlú ni wọ́n kú. Òótọ́ ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde ní 2015 pé àdéhùn òun pẹ̀lú ilé iṣẹ́ náà ti parí, pé ní 2016 wọ́n kó àwọn aláìsàn tó lé ní 1,000 lọ sí ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, àti pé aláìsàn 144 ló kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó pa wọ́n. Malegapuru Makgoba, aṣojú ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn nípa ìlera, kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kejì 2017 pé kò sí èyí tó ní ìwé àṣẹ tó tọ́ nínú àwọn ẹgbẹ́ 27 náà. Oúnjẹ kò tó, òṣìṣẹ́ kò mọṣẹ́, àkọsílẹ̀ àìsàn kò tẹ̀ lé aláìsàn lọ. Èyí tó kàn mí jù níbẹ̀ ni pé wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ láìsọ fún ẹbí wọn. Àwọn kan ń wá ènìyàn wọn kiri fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn kan wá rí i ní mọ́ṣúárì. Ẹ jẹ́ ká sì rántí pé àwọn ẹbí náà ti kígbe ṣáájú: pẹ̀lú àwọn agbẹjọ́rò Section27 àti ẹgbẹ́ SADAG tó ń ran àwọn aláìsàn ọpọlọ lọ́wọ́, wọ́n ti lọ sí kóòtù kí ọ̀pọ̀ ikú náà tó ṣẹlẹ̀, wọn kò rí ẹni gbọ́ tiwọn. Nígbà tí Dikgang Moseneke, igbákejì adájọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbọ́ ẹjọ́ náà títí dé 2018, àwọn ẹbí yìí kan náà ni ẹ̀rí wọn ṣí aṣọ lójú ọ̀rọ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kò sí alábòójútó kankan tí ìjọba lè yàn tí ojú rẹ̀ yóò mú tó ti ìyá tó mọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe sanra tó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ilé tó bá lé e sẹ́yìn ti lé ẹni tó kọ́kọ́ máa mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́ dànù.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ikú tì, ká bèèrè bóyá ìtọ́jú àgbélé olódi yìí tilẹ̀ ń ṣe ohun tó ní òun ń ṣe. Sumaiyah Docrat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ owó tí ìjọba South Africa ná lórí ìlera ọpọlọ ní ọdún ìnáwó 2016/17 wò, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2019. Nínú 100 náírà, ká sọ ọ́ ní owó tiwa, 86 ló lọ sórí àwọn tó ń sùn sí ilé ìwòsàn. Ìwọ̀nba tó kù ni wọ́n fi tọ́jú àwọn tó ń ti ilé wá. Síbẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tí wọ́n dá sílẹ̀ ló padà sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó pé oṣù mẹ́ta, ìpadàbọ̀ yìí nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú márùn-ún owó náà lọ. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wà nínú ìṣirò yìí, pé kì í ṣe ti ọ̀dọ́ nìkan. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà tó ní ilé àti iṣẹ́ tó ń dúró dè é kò bá lè rìn jìnnà lẹ́yìn tó jáde, kí ni a rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọdún 17 tí ilé ìwé ti yọ orúkọ rẹ̀? Orílẹ̀-èdè tó ń ná owó rẹ̀ báyìí ti gbàgbọ́ pé inú ilé ni ìwòsàn wà, pé òde kò já mọ́ nǹkan kan. Òde ló sì ń dá àwọn ènìyàn náà padà fún un.

Ẹ mú ọmọ tó ń fa nyaope bí àpẹẹrẹ. Nígbà tí heroin bá kúrò lára rẹ̀, ìyà tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní arosta máa ń jẹ ẹ́: inú rírun, egungun ríro, òtútù, èébì, àìsùn. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni èyí tó burú jù nínú rẹ̀ fi ń lọ, ilé ìtọ́jú tó dára sì lè ràn án lọ́wọ́ kó là á kọjá. Àmọ́ ọkàn tó ń fà sí i kò bá arosta lọ, ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún. Ara tó ti sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò sì lè gba ìwọ̀n tó máa ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ọmọ náà bá dé ilé tí kò sí ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbà á, tó sì padà fa ìwọ̀n àtijọ́, ó lè kú síbẹ̀. Àwọn dókítà mọ èyí dáadáa: ọjọ́ mélòó kan tó tẹ̀ lé ìjáde ló léwu jù fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni rìháàbù olódi ti pa fáìlì rẹ̀ dé. Ní Tshwane, nínú ìpínlẹ̀ Gauteng kan náà, ìjọba ìlú àti Yunifásítì Pretoria bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ COSUP ní 2016, láti fún àwọn tó ń lo oògùn olóró ní methadone, oògùn tí wọ́n fi ń rọ́pò heroin, àti ìmọ̀ràn ní àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Ohun tí ètò yẹn mú dá mi lójú ni pé a lè gbé ìtọ́jú tọ ènìyàn lọ láìjẹ́ pé a gbé ènìyàn kúrò nílé.

Nǹkan mìíràn tún wà tí oògùn kò lè ṣe nínú ìtọ́jú ọpọlọ: ọ̀rọ̀ sísọ. Bí egungun bá kán, dókítà lè tò ó láìgbọ́ èdè aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń dẹ́rù ba ọmọ kan lóru gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lédè tí ẹ̀rù náà fi ń bá a sọ̀rọ̀. South Africa ní èdè 12 tí ìjọba fọwọ́ sí, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú fi ń ṣe ìpàdé, òun ni wọ́n fi ń kọ fáìlì, òun ni wọ́n fi ń wọn bí ọ̀dọ́ ṣe ‘ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀’ tó. Ọmọ tó ń fi isiZulu tàbí Sesotho ronú, tó sì ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kiri kó tó dáhùn, wọ́n á ní kò ṣí ọkàn payá. Bí ó bá ní àwọn babańlá ń pe òun, ẹni tí kò mọ ilẹ̀ náà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ìyá ìyá rẹ̀ sì lè rò pé ukuthwasa ló dé, ìpè tí ó máa ń bá ẹni tí yóò di sangoma, oníṣègùn ìbílẹ̀ wọn. N kò sọ pé ìyá àgbà ló jàre nígbà gbogbo. Ó lè jẹ́ àìsàn ni, ó sì lè jẹ́ pé oògùn ni ọmọ náà nílò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n dókítà tí kò bèèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà kò ní mọ ìyàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà tí wọn kò dá lóhùn kò ní jẹ́ kí ọmọ lo oògùn náà nígbà tó bá délé.

Yorùbá kò nílò láti yá àpẹẹrẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nípa bí a ṣe lè ṣe é, nítorí a ti ṣe é rí. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, kọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà sílé wá ṣe olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Àrò ní 1954, nígbà tí kíkọ́ ilé náà kò tíì parí. Dípò kó jókòó máa retí bẹ́ẹ̀dì, ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà kí àwọn aláìsàn máa háyà yàrá lọ́dọ̀ wọn. Kò sí aláìsàn tó lè wá láìsí mọ̀lẹ́bí kan, ó kéré tán, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tí yóò sì mú un padà wálé lọ́sàn-án. Abúlé ń rí owó ilé gbà, ó ń rí omi ẹ̀rọ àti ètò ìlera. Aláìsàn ń lọ sí ọjà, sí oko, sí ibi ijó. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wà nínú ètò náà, wọ́n ń ran Lambo lọ́wọ́ láti ṣe kòkáárí ìgbé ayé àwùjọ àwọn aláìsàn. Lambo kò ta oògùn òyìnbó nù: gbogbo ohun tí ìṣègùn ìgbà náà ní ló lò. Ohun tó kọ̀ ni pé kí oògùn wà níhìn-ín, kí ẹbí wà lọ́hùn-ún. Òkìkí ètò yìí kàn débi pé ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn dókítà ọpọlọ gbogbo Áfíríkà wáyé ní Abẹ́òkúta ní 1961, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní Dakar, Henri Collomb tẹ̀ lé irú ọ̀nà kan náà ní ilé ìwòsàn Fann, níbi tí mọ̀lẹ́bí ti ń bá aláìsàn gbé inú wọ́ọ̀dù.

Ẹ̀rí wà pé kì í ṣe ìfẹ́ ilẹ̀ ẹni lásán ló ń mú mi sọ èyí. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tọpa àwọn tó ní àrùn schizophrenia ní ìlú mẹ́sàn-án, tí Ìbàdàn wà lára wọn pẹ̀lú London, Washington, Moscow àti Agra ní Íńdíà, àwọn aláìsàn Ìbàdàn àti Agra ló ṣe dáadáa jù ní ọdún méjì àti ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á, n kò sì ní díbọ́n pé ẹbí nìkan ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀dì ló pọ̀ ní Ìbàdàn ju London lọ. Ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gba àwọn ọmọ onílẹ̀ tó tó 150,000 lọ́wọ́ òbí wọn, tí wọ́n kó wọn sí ilé ìwé àgbélé kí wọ́n lè gbàgbé èdè àti ìṣe wọn, ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà ṣàlàyé ní 2015 irú ọgbẹ́ tí ìyẹn dá sí ìran mélòó kan lára. Ní ilẹ̀ yẹn kan náà ni Michael Chandler àti Christopher Lalonde ti wo àwọn àwùjọ onílẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 ní British Columbia láàárín 1987 sí 1992. Wọ́n rí i pé ní èyí tó ju ìdajì wọn lọ, kò sí ọ̀dọ́ kankan tó pa ara rẹ̀. Bí àwùjọ kan bá ṣe di nǹkan rẹ̀ mú tó, ilẹ̀ rẹ̀, ilé ìwé rẹ̀, ètò ìlera rẹ̀, ibi àṣà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni irú ikú yìí ń dín kù láàárín ọ̀dọ́ wọn. Ibi tí gbogbo rẹ̀ pé sí, kò sí rárá. Ọ̀dọ́ tó mọ ibi tí òun ti wá máa ń rí ìdí láti dúró de ọ̀la.

Ẹ jẹ́ ká wá dá àwọn alátakò lóhùn. Èyí tó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé inú Turffontein ni àwọn tó ń ta nyaope wà, pé bí a bá tọ́jú ọmọ sí àárín wọn, omi ni à ń bu sínú agbọ̀n. Mo gbà pé ó yẹ kí ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ohun tí n kò gbà ni pé ká mú un kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nítorí ìyẹn. Lambo náà mú aláìsàn kúrò nílùú rẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn ni àwọn kan ti ń wá sí Àrò. Kò kàn mú un wá lóun nìkan ni. Yàtọ̀ sí èyí, àyàfi bí ẹbí náà bá fẹ́ kó kúrò ní Turffontein títí láé, ọmọ náà yóò padà gba ojú títì kan náà kọjá. Ibo ni ó ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú ẹni tó ń pè é, bí kò bá kọ́ ọ nígbà tí nọ́ọ̀sì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀?

Àwọn mìíràn yóò ní ẹbí gan-an ló dá ọgbẹ́ náà sí ọmọ lára: bàbá tó ń lu ìyá, ẹ̀gbọ́n tó ń fi ipá bá ọmọbìnrin lò. Òótọ́ ni, àwọn ilé kan sì wà tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ padà sí. Òfin Ọmọdé South Africa ti 2005 fún àwọn aláṣẹ lágbára láti dáàbò bo irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì fún ọmọ tó ti ju ọdún 12 lọ, tí òye rẹ̀ tó, láṣẹ láti fọwọ́ sí ìtọ́jú ara rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ni kó yan ẹni tí yóò bá a wọlé. Ṣùgbọ́n láàárín wa, ẹbí kò parí sórí bàbá àti ìyá. Àbúrò ìyá wà, ìyá àgbà wà, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Soweto wà, ará ìlú ẹni wà, àgbà ìjọ wà. Ilé tó bá lo bàbá kan tó burú láti ti gbogbo ìdílé mọ́ ìta ti fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan jẹ ọmọ náà níyà lẹ́ẹ̀kejì.

Àtakò kẹta le ju ti ìṣáájú lọ fún Yorùbá, nítorí ilé wa ló ti wá. Wọ́n á ní: ẹ̀yin tó ń sọ̀rọ̀ ìbílẹ̀, ẹ kò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òjòó, n'Ìbàdàn, ní oṣù Kọkànlá 2019, níbi tí ọlọ́pàá ti kó ènìyàn 259 jáde nínú ilé tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe, tí wọ́n de àwọn kan nínú wọn mọ́lẹ̀? Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ilé bẹ́ẹ̀ dáadáa: ògiri gíga, géètì tí wọ́n tì pa, aláìsàn tí kò lè ránṣẹ́ sí ẹbí, ẹbí tí kò lè wọlé wò ó. Èrò tí mo ń bá jà ni wọ́n gbé dé òpin ọ̀nà rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀sìn tàbí àṣà tí wọ́n kọ sí ara pátákó kò yí i padà, bí orúkọ aláwọ̀ funfun tó wà lára pátákó Smith Mitchell kò ṣe yí tiwọn padà. Òbí tó ń ti Turffontein fi ọmọ ránṣẹ́ sí irú ibẹ̀ nítorí pé ‘ilé’ ni, kò rán an lọ sílé. Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù Kìn-ín-ní 2023 láti rọ́pò òfin wèrè ayé amúnisìn, ó sì yẹ kí irú òbí bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọmọ tó ní àìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin ní ilẹ̀ méjèèjì.

Wọ́n tún ń bèèrè pé: àṣà ta ni ká lò nínú ilé kan tí ọmọ Zulu, ọmọ Sotho, ọmọ Shona, ọmọ Kóńgò àti ọmọ Yorùbá jọ ń gbé? Ẹni tó bèèrè èyí ti rò pé ìlù àti aṣọ ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ń tọrọ, irú èyí tí wọ́n ń kó jáde lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, Ọjọ́ Àjogúnbá, tí wọ́n sì ń kó padà sínú àpótí. N kò tọrọ rẹ̀. N kò tilẹ̀ ní kí ilé kọ̀ọ̀kan gba sangoma. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri South Africa láàárín 2002 sí 2004, lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà tó lé ní 4,000, fi hàn pé nínú àwọn tí àìsàn ọpọlọ ti mú rí, ìdá 9 nínú 100 ló lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, ìdá 11 lọ sọ́dọ̀ aṣáájú ẹ̀sìn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Turffontein ló jẹ́ Kristẹni tàbí Mùsùlùmí, tàbí tí kò fẹ́ gbọ́ nípa babańlá kankan. Kí a bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo tọrọ ṣeé ṣe nínú ilé tí ẹ̀yà mẹ́wàá ń gbé: ògbufọ̀ tó mọṣẹ́, tí kì í ṣe aláìsàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí agbálẹ̀; ènìyàn kan láti ọ̀dọ̀ ọmọ náà tó ní ọjọ́ àti àga tirẹ̀ nínú ìtọ́jú; àti oúnjẹ tí ẹnu rẹ̀ mọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ilé fún ẹlòmíràn ní Sandton, tàbí tó ń ta tòmátì lójú ọ̀nà, kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kó lọ bá ọmọ gbé. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, òun gan-an ló sì mú kí ibi tó jìnnà jẹ́ ibi tí kò dára. Ilé kékeré tó wà nítòsí, tí ìyá lè fi takisí kan dé lẹ́yìn iṣẹ́, yóò náwó kéré sí ọgbà ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú. Bí ìjọba bá lè wá 86 nínú 100 fún bẹ́ẹ̀dì, ó lè mú díẹ̀ nínú rẹ̀ san owó ọkọ̀ mọ̀lẹ́bí, kó háyà yàrá mélòó kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ́jú bí Àrò ti ṣe, kó sì gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa lọ bá ọmọ nílé lẹ́yìn tó jáde. Òfin 70 ti ọdún 2008 lórí oògùn olóró ti ní kí ètò ìtọ́jú lẹ́yìn ìjáde àti ìpadàsínú àwùjọ wà. Àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ kà á sí ọ̀ṣọ́ inú ìwé. Owó tó sì ń lọ lórí ẹni tó ń padà wá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, a ti ń ná an tẹ́lẹ̀. A kàn ń ná an lórí ìjákulẹ̀ ni.

Nítorí náà, kí òbí tàbí alágbàtọ́ kankan ní Turffontein tó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n gba ọmọ wọlé, ó yẹ kó bèèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ilé náà. Èdè wo ni ẹ ó fi bá ọmọ mi sọ̀rọ̀, ta ni yóò sì túmọ̀ rẹ̀ bí ẹ kò bá gbọ́ ọ? Ọjọ́ wo, wákàtí wo, ni ẹni tó yàn nínú ẹbí yóò jókòó nínú ìtọ́jú rẹ̀, tí kì í ṣe àbẹ̀wò ọjọ́ Sunday lásán? Ta ni, ní orúkọ, tí yóò wá sí ilé wa lọ́sẹ̀ tó bá jáde, àti lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e? Ìjọba Gauteng ní láti fi ìbéèrè mẹ́ta yìí ṣe ohun àkọ́kọ́ tí yóò bèèrè kó tó fún ilé kankan níwèé àṣẹ. Ẹgbẹ́ Yorùbá, ìjọ àti mọ́sálásí wa ní gúúsù Johannesburg sì ní iṣẹ́ tiwọn: kí wọ́n kọ orúkọ àwọn àgbà tó lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹbí fún ọmọ tí tirẹ̀ wà lókèèrè, àti ti àwọn tó lè túmọ̀ èdè fún nọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìtọ́jú kí ọjọ́ burúkú tó dé. Ilé tó bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí, kódà bí ògiri rẹ̀ kò dára, ẹ gbé ọmọ lọ síbẹ̀. Èyí tí kò bá ní, ẹ má fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, bó ti wù kí ọgbà rẹ̀ tutù tó.